Ṣé ká wá sí Ìbàdàn lóṣù kẹsàn-án, àbí ká dúró de ọyẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé. Ọjọ́ 3 péré la rí gbà, lọ́sẹ̀ kìíní oṣù kẹsàn-án kí ilé-ìwé tó wọlé. A fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjì (ọmọ ọdún 9 àti 5) pẹ̀lú ìyá ọkọ mi wá ṣeré n'Íbàdàn. Nígbà tá a wá kẹ́yìn, òjò há wa mọ́ òtẹ́ẹ̀lì fọ́jọ́ méjì, tẹlifíṣọ̀n nìkan làwọn ọmọ rí wò. Ṣé ká kúkú fi sí oṣù Kejìlá ni? — Ìyá Ayọ̀

Ìdáhùn: Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìrọ́jú ọjọ́ méjì yẹn. Ẹ máa bọ̀ ní tiyín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú àlejò kiri Ìbàdàn, ohun tí mo sì rí ni pé ètò tí kò mọ àsìkò òjò ló ń ba ìrìn jẹ́ ju òjò gan-an lọ.

Òótọ́ ni pé òjò pọ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ó máa ń le lóṣù kẹfà, á rọlẹ̀ díẹ̀ lóṣù kẹjọ, á tún wá gbéra. Ṣùgbọ́n kì í sábà fi gbogbo ọjọ́ rọ̀. Oòrùn àárọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú ilẹ̀ gbóná, ooru á wá gbé afẹ́fẹ́ olómi tó ti ọ̀nà òkun wá lọ sókè. Ibẹ̀ ló ti ń tutù tó ń di òjò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣú jù. Kì í ṣe òfin o, òjò òru wà, èyí tó ń mọ́jú náà wà. Síbẹ̀, ibi tí kò lórùlé, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ibi tó lórùlé, ẹ fi í sí ọ̀sán.

Ní ti oṣù Kejìlá, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ ká mú Òkè Àárẹ, níbi ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 ní ìrántí Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ n'Íbàdàn. Láyípo làwa ń pè é, torí bí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe ń yí po. Téèyàn bá gùn ún nígbà ọyẹ́, eruku ni yóò máa wò. Ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ lóru, tẹ́ ẹ gùn ún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á dà bíi pé ẹnì kan fi omi fọ gbogbo ìlú. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà á lọ rẹrẹ títí ojú ò fi ní í tó òpin rẹ̀ mọ́. Ilé Àwòṣífìlà (Cocoa House) ní Dùgbẹ̀, tó ní àjà 26, á dá dúró gedegbe. Èmi ò lè fi ìyẹn pààrọ̀ ọyẹ́ kankan. Kí màmá má ṣáà gùn ún tí àtẹ̀gùn bá ṣì tutù. Kí wọ́n jókòó nísàlẹ̀. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 kò jìnnà síbẹ̀, àwọn òpó rẹ̀ tó wuyì á tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àárọ̀ kùtùkùtù ni tiẹ̀ náà. Kì í ṣe nítorí òjò nìkan. Tí oòrùn bá ti mú, kìnnìún á na gbalaja, ọmọ ọdún 5 á sì máa bi yín bóyá ó ti kú. Látibẹ̀, ẹ kọjá sí Bódìjà lọ jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú. Tí òjò bá bá yín níbẹ̀, ẹ bu àmàlà kún un.

Ọgbà Agodi ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Lọ́dún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹranko sì pọ̀ níbẹ̀ kí ìkún omi Ògùnpá ti ọdún 1980 tó gbá ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ọdún 2014 ni wọ́n tún un ṣí lẹ́yìn àtúnṣe. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti eré ọmọdé wà níbẹ̀. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, ẹ má san owó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti ṣe é rí níbì kan, pẹ̀lú ọmọ 11 lẹ́yìn mi. Eré kìíní la wà tí òjò fi dé, wọ́n pa ẹ̀rọ, owó tó ti wọ àpò wọn kò sì jáde mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa san án.

Ẹ tún máa mú ibi tó lórùlé mọ́ ibi tí kò ní. Tẹ́ ẹ bá lọ wo Ilé Àwòṣífìlà, Heritage Mall wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Tí ọ̀sán kan bá bàjẹ́ pátápátá, ẹ gba Alálùbọ́sà lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ wo aṣọ eégún àti ìkòkò amọ̀. Màmá á rí nǹkan bá àwọn ọmọ sọ níbẹ̀ ju èmi lọ.

Ẹ lè wo ohun tí NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, bá sọ, ṣùgbọ́n ojú lẹ máa fi mọ ti wákàtí yẹn. Òjò oníjì sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Afẹ́fẹ́ tútù kan á ṣàdédé fẹ́, páànù á máa ró, ẹ ó sì rí àwọn tó sá èlùbọ́ tí wọ́n ń kó o wọlé. Nígbà náà, ẹ má dúró ya fọ́tò mọ́. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá. Tẹ́ ò bá tíì kà á dé 30 tí àrá fi sán, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Láyípo, ẹ kó ọmọ jáde nínú omi, kẹ́ ẹ má sì sá sábẹ́ igi. Ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó padà.

Tẹ́ ẹ bá wà nínú ọkọ̀ tí omi bo ojú títì, ẹ má wọ̀ ọ́, bí ẹni tó wà níwájú tiẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ páàkì síbi tó ga, omi ìlú wa kì í pẹ́ fà.

Ẹ̀wù òjò ni kẹ́ ẹ rà fáwọn ọmọ, ẹ fi agbòjò sílẹ̀ fún màmá. Ìjì á yí agbòjò ọmọdé síta kẹ́ ẹ tó dé gééètì.