Ṣé kí n fi suíìṣì sí fáànù rédíétọ̀ Golf mi?

Ìbéèrè: Ọ̀gá ríwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Golf 3 ni mò ń wà lọ síbi iṣẹ́, láti Mọ́níyà dé Dùgbẹ̀. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti ká wa mọ́ Ọjọ́ọ̀, ọwọ́ géèjì ìgbóná ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mi ò sì ní gbọ́ ìró fáànù rárá. Ríwáyà àdúgbò wa ní kí n jẹ́ kí òun yọ sẹ́ńsọ̀ tó ń tan fáànù dànù, kí òun so fáànù dáyírẹ́ẹ̀tì mọ́ kíì, kó máa yí ṣáá. Àbúrò mi ní rárá, ó ní suíìṣì ni kí wọ́n fi sí dáṣíbọ́ọ̀dù kí n máa tàn án fúnra mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Tó bá sì jẹ́ suíìṣì ni, báwo ni wọ́n ṣe ń so ó tí kò ní jóná?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, màmá. Àbúrò yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ sẹ́ńsọ̀ yẹn dànù. Ṣe ni suíìṣì ń ran sẹ́ńsọ̀ lọ́wọ́, kì í gbapò rẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ máa ń gbàgbé. Òjò lè máa rọ̀, fóònù lè máa dún, ọmọ lè máa sunkún lẹ́yìn. Sẹ́ńsọ̀ kì í gbàgbé. Tí ẹ bá wá gbàgbé suíìṣì lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì lè bẹ́, iye tí ẹ máa ná sí i á sì tó ra sẹ́ńsọ̀ rẹpẹtẹ.

Ní ti dáyírẹ́ẹ̀tì, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Fáànù tí kì í sinmi, káábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò rẹ̀, á tètè jẹ tán. Iná tí fáànù ń fà náà pọ̀ ju ohun tó yẹ kó máa gba inú ilé kíì kọjá. Tí wọ́n bá tún ti yọ tẹ́mọ́sítáàtì (ohun tó ń sé ọ̀nà omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná) kúrò, bí wọ́n ṣe máa ń yọ ọ́ káàkiri níbí, ẹ́ńjìnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ láàárọ̀, epo ló sì máa jẹ.

Kí ẹ tó ra suíìṣì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí fáànù ò fi yí. Sẹ́ńsọ̀ Golf 3 wà lára rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan ń gba iná láti ọ̀dọ̀ bátìrì nígbà gbogbo, kódà tí ẹ bá ti pa kíì. Tí omi bá gbóná dé nǹkan bí 92 sí 97°C, sẹ́ńsọ̀ á fún fáànù níná, á máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tó bá gòkè dé nǹkan bí 99 sí 105°C, á gba ẹsẹ̀ kejì fún un níná, fáànù á wá yí kíkankíkan. Torí náà, kí ríwáyà yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀, kó fi tẹ́sítà wá ẹsẹ̀ tí iná wà, kó wá fi wáyà kékeré so ẹsẹ̀ yẹn mọ́ méjì tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí fáànù bá yí lẹ́ẹ̀mejèèjì, fáànù ò ní àìsàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló kú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra tuntun, ẹ wo ohun tí mo máa sọ nípa rọ́bà omi nísàlẹ̀. Tí tẹ́sítà ò bá tàn rárá, kí wọ́n wo fíúùsì. Tí iná bá wà, tí wọ́n so ó, tí fáànù ò mira, ara fáànù gan-an ni kí wọ́n lọ wò. Kò sí suíìṣì tó máa yí fáànù tí káábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti tán.

Ohun mìíràn wà tó máa ń tan àwa ríwáyà jẹ. Nígbà tí géèjì bá gòkè, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ wá fi aṣọ tó nípọn bo ọwọ́ kí ẹ fọwọ́ kan rọ́bà omi òkè àti ti ìsàlẹ̀. Tí tòkè bá ń jó ni lọ́wọ́, tí tìsàlẹ̀ sì tutù, tẹ́mọ́sítáàtì ti di mọ́lẹ̀, omi gbígbóná ò dé rédíétọ̀. Omi tó ti lọ sílẹ̀ jù lè fa irú rẹ̀ náà. Sẹ́ńsọ̀ kò jẹ̀bi nígbà yẹn: ibi tó wà tutù, kí ló fẹ́ tan fáànù sí? Ẹ sì lè tan suíìṣì títí ilẹ̀ á fi mọ́, irin tútù ni fáànù á máa fẹ́, ẹ́ńjìnì á sì máa sè lọ.

Tí gbogbo ìyẹn bá ti dára, tí ọkàn yín ṣì fẹ́ suíìṣì, ó bọ́gbọ́n mu. Sẹ́ńsọ̀ lè kú láìsọ fún yín, ẹ sì nílò ọ̀nà kejì láti délé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá sí ìsọ̀ mi nígbà kan, olówó rẹ̀ ní òun ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó lábẹ́ sítíárìn. Mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Suíìṣì tí wọ́n fi tan fáànù ti yọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ ti rì sínú bí àbẹ́là, ara wáyà ti ká kò bí irun tí iná rà, kọ́pà inú rẹ̀ dúdú. Gbogbo iná fáànù ni wọ́n gba inú suíìṣì kékeré yẹn kọjá. Fáànù tó jẹ́ 250W ń fa nǹkan bí 20A lórí bátìrì 12V, ó sì ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Suíìṣì kékeré ò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ríléè, ìyẹn suíìṣì alágbára tí iná kékeré ń tàn, ló ń rù ú; suíìṣì á kàn pàṣẹ fún ríléè ni.

Kí ríwáyà kọ́kọ́ tú négétífù kúrò lórí bátìrì, nítorí fáànù Golf lè ṣàdédé yí nígbà tí kíì wà nínú àpò yín, ó sì lè gé ìka. Kó wá ra ríléè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, 40A. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ 30 á gba iná láti pósítífù bátìrì, fíúùsì 30A á sì wà lójú ọ̀nà, nítòsí bátìrì gan-an. Wáyà tó wà láàárín bátìrì sí fíúùsì ò ní olùṣọ́. Tó bá gùn, tó sì fara kan bọ́dì, iná máa sọ. Ẹsẹ̀ 87 á lọ bá wáyà tí fáànù fi ń yí kíkankíkan. Kí wọ́n má gé wáyà yẹn o! Kí wọ́n bó o díẹ̀, kí wọ́n so tuntun mọ́ ọn, kí wọ́n fi léèdì jó o, kí wọ́n sì wé e dáadáa. Ọ̀nà méjì ni iná ní láti dé ọ̀dọ̀ fáànù báyìí, ti sẹ́ńsọ̀ àti ti suíìṣì. Ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́. Wáyà 4mm² ni mò ń lò fún 30 àti 87. Ẹ má gbà kí wọ́n fi wáyà sípíkà ṣe é.

Ẹsẹ̀ 86 á gba iná láti ara kíì, á gba fíúùsì 5A àti suíìṣì yín kọjá. Ẹsẹ̀ 85 á lọ sí bọ́dì, níbi tí wọ́n ti fi sándípépà ha ọ̀dà kúrò. Wáyà 1mm² tó fún èyí, nítorí ohun tí ríléè ń fà fúnra rẹ̀ ò tó 0.2A. Ìdí tí mo fi ní kó jẹ́ iná kíì ni pé tí ẹ bá gbàgbé suíìṣì ní títàn, tí ẹ yọ kíì, ríléè á pa. Tó bá jẹ́ iná bátìrì tààrà ni, 20A lórí bátìrì 60Ah, kò ní lò ju wákàtí mẹ́ta lọ tí bátìrì á fi kú pátápátá.

Ibi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá wọ inú ọkọ̀, kí wọ́n fi rọ́bà sí ojú ihò náà, kí irin má bàa gé e. Ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi gílóòbù kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ suíìṣì, kí ẹ máa rí i pé ó wà ní títàn.

Tí wọ́n bá ṣe tán, ẹ tan kíì, ẹ tan suíìṣì, ẹ wá mú abala ìwé kan síwájú rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fa ìwé náà lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá ń tì í padà sí yín, wọ́n ti so fáànù sódì. Lẹ́yìn náà ẹ pa suíìṣì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí títí sẹ́ńsọ̀ á fi tan fáànù fúnra rẹ̀. Ẹ má san owó iṣẹ́ kí ẹ tó rí ìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí ọkọ̀ mìíràn, kó ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ Honda àtijọ́, sẹ́ńsọ̀ ló ń fún ríléè ní bọ́dì, torí náà suíìṣì tó ń so wáyà yẹn mọ́ bọ́dì ti tó. Ọ̀pọ̀ Toyota àwọn ọdún 1990, òdìkejì ni: ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ bá já wáyà náà kúrò lára bọ́dì ni fáànù ń yí. Ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ti ń darí eré fáànù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Màmá, ẹ tan tiyín bí ẹ bá ti rí súnkẹrẹ Ọjọ́ọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí géèjì tó kọjá àárín. Tí ojú ọ̀nà bá là, tí ẹ ti ń sá 60 lọ sókè, ẹ pa á. Atẹ́gùn ìta ti ń ṣiṣẹ́ náà. Tí fáànù bá ń yí tí géèjì ṣì ń gòkè, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ má sì ṣí ìdérí omi títí yóò fi tutù pátápátá.