Kí ni mo lè ṣe sí dúdú abẹ́ ojú mi kí ìgbéyàwó mi tó dé?

Ẹ ní Sátidé ni ìgbéyàwó yín. Ẹ má kàn fi páńkéèkì bò ó o, bí eérú ló máa ń rí lára aláwọ̀ dúdú. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka tẹ concealer (ìpara tí wọ́n fi ń bo àbàwọ́n ojú) aláwọ̀ ọsàn díẹ̀ síbẹ̀, ẹ má fà á, kí ẹ tó fi èyí tó bá àwọ̀ yín mu lé e.

Tí ẹ bá gbé ṣíbí tútù láti inú fíríìjì lé abẹ́ ojú láàárọ̀, ó máa ń dín wíwú ibẹ̀ kù.

Tó bá jẹ́ ti ìdílé, ó lè má lọ tán. Ẹ sùn dáadáa, ẹ yé fọwọ́ ra ojú. Ìpara tó ń bó àwọ̀ ńkọ́? Rárá! Sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn líle tó wà nínú òmíràn, ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, ó sì lè ba ojú jẹ́.