Ọkà kí ẹ tó mu ẹ̀kọ: fún ìyá tó ń fi ₦3,500 bọ́ ọmọ tó ń kọ́ nílé

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú làálàá. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní Ọ̀yọ́ lẹ ń gbé, ọmọ mẹ́rin, ẹ̀ ń kọ́ wọn nílé, bàbá wọn ń gun ọ̀kadà, ₦3,500 ló ń já síbi oúnjẹ lójúmọ́. Ẹ ní ebi kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ fẹ́ mọ ohun tí ẹ lè yọ kúrò nínú oúnjẹ kí owó lè kárí. Mo ti wà níbi tí ẹ wà yìí. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ mi dúró níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó ń wọlé fún wa kò tó báyìí, ọmọ márùn-ún ló sì jókòó tì mí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ẹ má tíì yọ nǹkan kan. Àsìkò ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Oúnjẹ tó lágbára jù lọ lóòjọ́, àárọ̀ ni kí ẹ fún wọn.

Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ògì tàbí tíì àti búrẹ́dì ni ti àárọ̀, ọkà àti ẹja á wá di alẹ́ nígbà tí bàbá bá wọlé. Ọmọ tó lọ sílé-ìwé lè fara dà á, nítorí kò sí ìkòkò níwájú ẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó wà nílé, ìkòkò wà lójú ẹ̀, ike gàrí wà lójú ẹ̀. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ògì ti dà nínú ẹ̀. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìṣirò, ojú ẹ̀ wà ní ilé ìdáná. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ ó wá máa rán an lọ ra bísíkíìtì, ẹ ó ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ẹ ó se índómì kan pín fún mẹ́rin, kékeré kékeré bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni owó yín ń gbà lọ, kì í ṣe inú ọkà.

Àwọn baba wa níbí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó wà nínú oríkì ìlú wa: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í gbé inú òfìfo lọ sóko. Iṣẹ́ oko kọ́ ni ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ó ń tán ọmọ lókun. Nílé mi, kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n ti jẹ ọkà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Ìwé á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ abọ́. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè oúnjẹ mọ́ títí di ọ̀sán.

Mo dárúkọ gbẹ̀gìrì, mo sì fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni làfún tí a fi ń ro ọkà wa, ó ń yóni ni, ohun tó ń mú ara ọmọ dàgbà kò pọ̀ nínú ẹ̀ rárá. Ọbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé ìyẹn. Nígbà tí ẹ̀wà bá wọ́n, òun làwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ pa tì, wọ́n á fi èlùbọ́ kún èlùbọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín ẹ̀wà gbígbẹ sí ọ̀nà márùn-ún, ó kéré tán ọ̀nà kan nínú ẹ̀ ló jẹ́ purotéènì. Gbẹ̀gìrì ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀wà díẹ̀ kárí: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ bó o, ẹ sè é títí á fi rọ̀ pátápátá, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á, kí ẹ wá sọ ata, epo àti ìrú sí i. Rírẹ mọ́jú yẹn ń dín èédú kù, ẹ ò sì ní í nílò kaún. Kaún ń tètè jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀ jẹ́.

Ẹran ò ṣe é rà lójoojúmọ́ pẹ̀lú iye tí ẹ sọ. Ohun tó gba àwa là ni wàrà sóyà, ó sì di ọ̀kan nínú iṣẹ́ ìwé wa. Ẹ rẹ sóyà mọ́jú, ẹ fọ èèpo ẹ̀ dànù, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ata, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Omi funfun tó bá jáde, ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ má kánjú ibẹ̀, nítorí sóyà tí kò jinná máa ń da inú rú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da omi kíkan orí ògì sí i díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi kejì ló máa ń mú ṣíbí dání níbẹ̀. Ohun tó ṣàn bí omi tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á máa kóra jọ, omi ara ẹ̀ á yà sọ́tọ̀, á mọ́ gaara. Orí ìkòkò yẹn ló ti mọ ohun tí kíkan ń ṣe sí purotéènì, kò sí ìwé tó lè là á yé e tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ fi ọmọ ọlọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí omi á fi gbẹ, ẹ gé e sínú ọbẹ̀ ata. Ẹ má da èérí ẹ̀ nù o, ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà àkàrà.

Ọ̀sán ò nílò ariwo: gàrí àti ẹ̀pà, tàbí ohun tó bá wà lásìkò, àgbàdo, máńgòrò. Alẹ́ ni kí ẹ̀kọ wá, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre. Tí ẹ bá ní àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan tí ẹ lè kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sí lẹ́yìnkùlé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbin tẹ̀tẹ̀ sí i, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ ti ń já a.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Owó ọ̀kadà, ojoojúmọ́ ló ń wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ra nǹkan ní agolo agolo, agolo sì ni ibi tí wọ́n ti ń jẹ èrè lórí tálákà jù. Ẹ wá alájọ tí ẹ mọ ilé ẹ̀, tí àwọn aládùúgbò lè jẹ́rìí ẹ̀. Ẹ máa dá ₦700 lóòjọ́. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́, ₦21,000 nìyẹn. Òun á mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀, ₦20,300 á dé ọwọ́ yín. Oṣù àkọ́kọ́ á le, mi ò ní tàn yín, gàrí ló máa pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi kó ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní kóńgò kóńgò, oṣù kejì á yàtọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ dání lọ sí ọjà Akẹ̀sán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi agolo wọn kóńgò kan nígbà tí ẹ bá délé, kí wọ́n kọ iye agolo sílẹ̀, kí wọ́n ṣírò iye tí ẹ ò bá san ká ní agolo lẹ rà. Ọmọ mi tó kórìíra pínpín mọ ọ́n láàárín oṣù yẹn, nítorí owó oúnjẹ òun fúnra ẹ̀ ló ń pín.

Ìparí ọdún, tí ẹ̀wà tuntun bá dé, ni kí ẹ ra púpọ̀. Ẹ sá a kó gbẹ kanrankanran, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kó kún dé ẹnu, ẹ dé e pinpin kí atẹ́gùn má wọlé, kòkòrò ò ní í rí ààyè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní oògùn apakòkòrò dà sí i. Ó ń pa ènìyàn.

Ẹ ní àwọn àna yín ń sọ pé ẹ kàn kó ọmọ jókòó sílé ni. Òfin UBE ti ọdún 2004, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan, di ẹrù lé òbí lórí pé kí ọmọ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́fà àti girama kékeré ọdún mẹ́ta, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkọsílẹ̀. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí ìwé kan, ìwé ọjà náà wà lára ẹ̀. Èyí tó bá dàgbà nínú wọn lè jókòó ìdánwò WAEC ti aládàáṣe tó bá tó àsìkò.

Ohun kan wà nínú ìbéèrè yín tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ ní ẹ̀yin fúnra yín máa ń fo oúnjẹ kí ti àwọn ọmọ lè tó, àbíkẹ́yìn sì wà lọ́mú. Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ dá a dúró lónìí. Ẹ̀yin ni tíṣà, ẹ̀yin ni oúnjẹ ọmọ tó wà lọ́mú, tí ẹ bá wó lulẹ̀, ilé-ìwé náà wó nìyẹn. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó bu ti ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bu tiyín, ọkà àti gbẹ̀gìrì tó tó yín, kí ẹ sì jókòó jẹ ẹ́ pẹ̀lú wọn.