Ọmọ méjì tó ní CF kì í jọ jókòó sí gbọ̀ngàn kan: ìdáhùn sí ìyá kan ní Manchester

Ìbéèrè

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní cystic fibrosis, àìsàn àbímọ́ni tí wọ́n ń gé kúrú sí CF. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Manchester níbí fẹ́ ṣe ọjọ́ ìgbádùn fún tọmọdé tàgbà láti fi kówó jọ fún ìwádìí lórí àrùn náà. Wọ́n ti háyà gbọ̀ngàn iléèwé kan àti pápá ẹ̀yìn rẹ̀. Alága wa ní òun ti bá ìdílé Yorùbá kan ní Leeds sọ̀rọ̀, tí ọmọbìnrin wọn ní irú àìsàn kan náà, pé káwọn ọmọ méjèèjì jọ jókòó níwájú, kí èèyàn wá náwó fún wọn. Inú ọmọ mi ń dùn, torí kò rí ọmọ mìíràn tó ń lo oògùn bíi tiẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní àwọn kan sọ fún wa ní kílíníìkì pé àwọn ọmọ CF kì í pàdé. Ṣé ká fagi lé e ni? Ojú ń tì mí láti kojú alága, àgbàlagbà ni wọ́n.

Ìdáhùn

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ má fagi lé nǹkan kan. Ẹ ṣe ayẹyẹ yín, kí owó wọlé, kí ọmọ yín wà níbẹ̀ kó jó. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí òun àti ọmọ Leeds jọ wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Bàbá ọmọ ò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Mo mọ̀ pé kì í bá wa lára mu. Lójú tiwa, ẹni tí ìṣòro rẹ̀ bá jọ tẹni ló yẹ kéèyàn bá jókòó. Àwọn ọmọ tó ní sickle cell lè péjọ, kí wọ́n ṣeré, kí wọ́n pa ìtàn ara wọn, wọn ò ní kó nǹkan kan ran ara wọn tó ju ohun tí ọmọ iléèwé yòókù lè kó ràn wọ́n. CF ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo èrò tó máa wá síbi ayẹyẹ yẹn, ẹni tó yẹ kí ọmọ yín jìnnà sí jù ni ọmọ kejì tó ní CF, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọmọ Leeds náà.

Ohun tó fà á nìyí. CF jẹ́ àbùkù nínú jíìnì tó ń darí bí iyọ̀ àti omi ṣe ń wọlé tó ń jáde nínú ara. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi máa ń tà yín lẹ́nu bí ẹ bá fẹnu ko ọmọ yín níwájú orí. Nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ikun tó yẹ kó máa ṣàn, kó máa gbá ìdọ̀tí jáde, á le, á sì lẹ̀ bí ọbẹ̀ ewédú àná tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Kòkòrò tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ti rílé. Èyí tí èmi àti ẹ̀yin máa húkọ́ dànù láìmọ̀ á jókòó síbẹ̀, á máa pọ̀ sí i, á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dojú kọ oògùn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ CF kì í ṣe irú èyí tó wà nínú omi àti erùpẹ̀ mọ́. Ó ti kọ́ṣẹ́, ó ti gba ìyọ̀ǹda. Bó bá wá fò sọ́dọ̀ ọmọ CF mìíràn, ọ̀gá ló bá wọlé, kì í ṣe ọmọṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kòkòrò alùbọ́sà fún yín. Ní 1950, onímọ̀ nípa àrùn ohun ọ̀gbìn kan ní Yunifásítì Cornell ní ìpínlẹ̀ New York, Walter Burkholder, ṣàpèjúwe bakitéríà kan tó ń mú kí alùbọ́sà jẹrà, kó sì máa rùn kíkan. Wọ́n pè é ní cepacia, láti inú orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe alùbọ́sà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn tó ní CF. Ẹlòmíràn á gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlòmíràn, ibà líle á dé, ẹ̀dọ̀fóró á sì bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ CF lọ sí àgọ́ ìsinmi ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, kí ọmọ tó ń dá wà lè rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Èrò rere ni, irú èyí tó wà lọ́kàn alága yín gan-an. Ní 1993, John Govan, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn ní Edinburgh, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, tó fi hàn pé ẹ̀yà kòkòrò kan ṣoṣo ń ti ara aláìsàn kan bọ́ sára òmíràn láàárín àwọn tó ń gba ìtọ́jú ní Edinburgh àti Manchester. Kì í sì ṣe orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó jọ ń ṣọ̀rẹ́ níta, tí wọ́n jọ ń ṣe fàájì, ló ń kó o ran ara wọn. Manchester tí ẹ ń gbé yìí náà ni mo ń wí o. Bí wọ́n ṣe ń ti àgọ́ àwọn ọmọ CF nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ irú ẹ̀ jáde láti Liverpool: kòkòrò mìíràn, Pseudomonas, ẹ̀yà kan náà lára ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń lọ sí kílíníìkì kan náà. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti jẹ́ kẹ́ ẹ bá òbí mìíràn jókòó sí yàrá ìdúródè. Bí ẹ bá ṣe ń dé ni wọ́n ń tì yín sí yàrá yín, tí dókítà, fisiotherapist àti onímọ̀ oúnjẹ wá ń tọ̀ yín wá níkọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí míì rò pé iyì ni wọ́n ń fún àwọn. Ìbẹ̀rù kòkòrò ni.

Báwo ló ṣe ń rìn? Ikọ́ ni, itọ́ ni, ọwọ́ ni. Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà ní kí àwọn tó ní CF húkọ́ sínú ẹ̀rọ kan, wọ́n sì rí Pseudomonas tó ṣì wà láàyè ní mítà 4 sí ẹni tó húkọ́, àti nínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45. Ẹ wá fojú inú wo gbọ̀ngàn yín: àga méjì lórí pèpéle, tí wọ́n súnmọ́ra, máìkì kan. Alága á ní, "Ọmọ wa, kí lorúkọ ẹ?" Ọmọ yín á gbé ẹnu lé máìkì, á sọ̀rọ̀, á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á na máìkì yẹn sí ọmọbìnrin yẹn, òun náà á gbé ẹnu lé e. Kò sí nǹkan tó burú jùyẹn lọ tí a lè ṣètò bí a bá dìídì fẹ́ kí kòkòrò ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì.

Nítorí náà ni àwọn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ CF, Cystic Fibrosis Trust níbí àti Cystic Fibrosis Foundation ní Amẹ́ríkà, ṣe sọ ọ́ di òfin fún ayẹyẹ tiwọn: lábẹ́ òrùlé, ẹyọ ẹnì kan tó ní CF. Ní gbangba pápá, wọn ò gbọdọ̀ súnmọ́ ara wọn tó mítà 2. Ọmọ ìyá méjì tó jọ ní CF tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Ti pé pápá wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yín ò yanjú ẹ̀, torí mi ò tíì rí ọmọ ọdún mẹ́fà tó lè fi mítà 2 sáàárín ara rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ tuntun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí òjò Manchester bá sì bẹ̀rẹ̀, inú gbọ̀ngàn ni gbogbo yín máa sá wọ̀.

Alága lè sọ pé ara ọmọ Leeds le, kì í húkọ́, àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì fi nǹkan kan hàn. Ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín. Látìgbà tí Kaftrio, oògùn CF, ti dé ní 2020, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ́. Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó túbọ̀ ṣòro fún wa láti rí ohun tí a máa yẹ̀ wò. Kòkòrò lè wà lábẹ́ kí swab, òwú tí a fi ń nu ọ̀nà ọ̀fun fún àyẹ̀wò, má gbé e. Ẹ ò sì ní lè béèrè èsì àyẹ̀wò ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ohun tó ń dun ọmọ yín náà ṣe pàtàkì o, kò rí ẹnìkan tó dà bíi tiẹ̀. Mo ti rí ọmọbìnrin méjì ní wọ́ọ̀dù wa tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló pààlà yàrá wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣeré látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n á jọ lo nẹbuláísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa oògùn símú, lákòókò kan náà, kí wọ́n wo ẹni tó máa kọ́kọ́ parí. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí láìsí gíláàsì láàárín. Ẹ gba nọ́ńbà ìdílé Leeds. Kí àwọn ọmọ ti máa pe ara wọn kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé, kí ọmọbìnrin náà sì yọ lójú ògiri gbọ̀ngàn látorí fídíò lọ́jọ́ náà, kó kí gbogbo èrò. Àwọn òbí rẹ̀ lè wá, àwọn òbí lè pàdé.

Tí a bá ti yanjú ìyẹn, omi ló kàn. Pseudomonas fẹ́ràn ibi tó bá tutù tí omi ò ti ṣàn, ayẹyẹ orí pápá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì kún fún irú rẹ̀. Eré kan wà tí wọ́n ti ń ju fóòmù tó rin gbingbin lu alága lójú, gbogbo èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ wo báàkẹ́tì yẹn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán: omi àárọ̀, ọwọ́ ogójì ọmọdé ti wọ inú rẹ̀, fóòmù tó bọ́ sí koríko padà sínú rẹ̀, ó sì ti ń yọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ jù ú lu ọmọ yín lójú, kí òun náà má sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Agbada rọ́bà olómi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá kọ́ pẹ́pẹ́yẹ ìṣeré náà rí bẹ́ẹ̀. Kó ju bọ́ọ̀lù gbígbẹ lu agolo, yóò gbádùn ẹ̀ bákan náà. Bí bouncy castle bá lómi nínú kòtò rẹ̀ lẹ́yìn òjò, kí wọ́n nù ún gbẹ kó tó gùn ún. Bí wọ́n bá mú ẹṣin kékeré wá tàbí tí wọ́n kó koríko gbígbẹ jókòó, kó jìnnà sí koríko yẹn, torí olu tó ń jẹ́ Aspergillus máa ń wà nínú èyí tó bá ti bu.

Ọ̀fìnkìn àti flu ti ẹ mọ̀ nìyẹn: ẹni tó bá ń sín kó jókòó sílé, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí gẹ́ẹ̀lì ọwọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ rí i pé ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ flu ọdún yìí.

Ti náwó ló kù. Owó fúnra rẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, ọwọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn lójú àti nímú ọmọ kan ni. Owó rọ́bà ilẹ̀ yìí kì í tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó jábọ́. Ẹ gbé igbá ńlá kan tí wọ́n dì ní aṣọ òkè síwájú rẹ̀, kó jó nídìí igbá, kí wọ́n náwó sínú igbá. Kí àwọn ìyá wa gbàdúrà fún un láìgbé ọwọ́ lé e lójú, kí wọ́n má gbà á mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń fa ọmọ tiẹ̀ sẹ́yìn, ẹ sọ fún un pé CF kì í ranni. Bí AS ṣe ń pàdé AS ni: bàbá gbé jíìnì kan, ìyá gbé èkejì. Kì í sì í ṣe àrùn òyìnbó nìkan, bí àwọn kan ṣe ń sọ fún yín.

Fún alága, ẹ bá wọn sọ ọ́ báyìí: "Bàbá, ẹ ṣeun fún ìfẹ́ tí ẹ ní sí ọmọ wa. Àwọn dókítà ò jẹ́ kí ọmọ CF méjì wà nínú gbọ̀ngàn kan, torí wọ́n lè kó kòkòrò tí oògùn ò ràn ran ara wọn. Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ Leeds sójú fídíò, ọmọ tiwa á sì dúró tì yín lórí pèpéle." Mi ò rò pé àgbàlagbà kan á gbọ́ ìyẹn kó bínú. Bó bá le fún yín, ẹ fún nọ́ọ̀sì CF ọmọ yín ní nọ́ńbà wọn, ara iṣẹ́ wa ni.

Kí wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ìpè pẹ̀lú: ẹni tó bá ní CF kó pe ẹgbẹ́ kó tó wá. Ìdílé Leeds nìkan kọ́ ló wà ní agbègbè yẹn, ẹ ò sì mọ ẹni tó máa wọlé pẹ̀lú ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́.

Kó mu omi dáadáa bí oòrùn bá mú, kó sì fi nǹkan oníyọ̀ sẹ́nu. Ẹ fi Creon, oògùn tó ń bá a da oúnjẹ, sínú báàgì tí ẹ máa gbé dání, kì í ṣe inú mọ́tò. Puff-puff máa ń dé kí oúnjẹ gidi tó dé.