Ẹ Bi Wá: Ẹ̀yà Wo Ni Kí N Mú Nínú Dungeons & Dragons?

Ìbéèrè yín lórí eré yìí, níbi tí kálukú ti ń jẹ́ akọni inú ìtàn tó sì ń ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun tó dáwọ́ lé yọrí, pọ̀ lóṣù yìí. Yíyan ẹ̀yà, ìyẹn irú ẹ̀dá tí akọni yín jẹ́, bíi Human (ènìyàn) tàbí Elf, ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé òfin ọdún 2014 ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé ń lò, òun náà la fi dáhùn, àfi níbi tá a bá ti dárúkọ ti 2024.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwa mẹ́rin la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la sì fẹ́ jẹ́ Human, torí pé ó ń fi ẹyọ kan kún àbùdá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, irú bíi làákàyè àti ìjáfáfá. Ṣé mẹ́fà kò ju mẹ́ta tí Elf ń gbà lọ ni? (Olùkàwé, Ìbàdàn)

Lórí ìwé, ó jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá jókòó ti eré, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òǹkà àbùdá lẹ fi ń kún dáìsì, àfikún tó ń ti inú rẹ̀ wá ni. 10 àti 11 kò ní àfikún kankan, 12 àti 13 ní 1, 14 àti 15 ní 2, 16 àti 17 ní 3. Nítorí náà, ẹyọ kan tó bọ́ sórí òǹkà tó ṣeé pín sí méjì, bíi 12 tàbí 14, kò ṣiṣẹ́ kankan.

Ẹ mú òǹkà tí ìwé fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà: 15, 14, 13, 12, 10, 8. Human á sọ wọ́n di 16, 15, 14, 13, 11, 9. Ẹ wo àfikún wọn dáadáa: méjì péré ló gòkè, 15 tó di 16 àti 13 tó di 14. Ẹ wá jẹ́ kí High Elf, ẹ̀ka Elf kan, fi 15 sí làákàyè, kó fi 14 sí ìjáfáfá. Méjèèjì á di 16, méjì náà ló gòkè yẹn. Òun sì tún ń ríran nínú òkùnkùn, idán kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, idán kò sì lè mú un sùn.

Bí Human bá ṣì wù yín, ẹ fi pọ́ìntì 27 ra òǹkà fúnra yín. 13 márùn-ún á jẹ 25, 10 kan á jẹ 2. Human á sọ wọ́n di 14 márùn-ún àti 11 kan, kò sí ẹyọ tó ṣòfò àfi ti 10 yẹn. Èyí tó tún dára jù ni kẹ́ ẹ béèrè Human àṣàyàn lọ́wọ́ adarí eré, ẹni tó ń darí ìtàn tó sì ń ṣe onídàájọ́: ẹyọ kan sórí àbùdá méjì, ìmọ̀ iṣẹ́ kan, àti feat (ẹ̀bùn àkànṣe) kan ní ìpele kìn-ín-ní. Kò sí ẹ̀yà mìíràn nínú ìwé náà tó ń gba feat ní ìpele yẹn. Bí adarí yín kì í bá lo feat, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Elf ni mí, òkùnkùn kì í ṣe ìṣòro mi. Síbẹ̀ adarí eré wa ní mi ò rí pàkúté kan torí pé a ò tan iná. Ṣé kò fẹ́ rẹ́ mi jẹ báyìí? (Olùkàwé, Abẹ́òkúta)

Kò rẹ́ yín jẹ o. Ojú Elf kì í sọ òru di ọ̀sán. Ó ń sọ òkùnkùn biribiri di ìmọ́lẹ̀ bàìbàì títí dé ẹsẹ̀ bàtà 60, kò sì ní mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì, eérú ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń fojú wá nǹkan nínú bàìbàì á ju dáìsì olójú 20 méjì, èyí tó kéré ló máa mú. Bí adarí bá sì ń lo òǹkà ìfura yín láìjẹ́ kẹ́ ẹ ju dáìsì, yóò yọ 5 kúrò níbẹ̀. Elf tí tirẹ̀ jẹ́ 14 ti di 9 nìyẹn, okùn pàkúté tó béèrè 10 á sì gbé e ṣubú.

Ìtùfù kan ń tàn kedere dé ẹsẹ̀ bàtà 20, ó ń tàn bàìbàì fún 20 mìíràn, wákàtí kan ló sì ń lò. Ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ wà lókùnkùn nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ́ rìn, kẹ́ ẹ sì tan iná kẹ́ ẹ tó yẹ ilẹ̀kùn tàbí ilẹ̀ wò. Nínú ẹ̀yà mẹ́sàn-án tó wà nínú ìwé, Human, Halfling àti Dragonborn nìkan ni kò ní ojú yìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà láàárín yín, ìtùfù kò ní ṣàì wà nínú àpò.

Drow ń rí dé ẹsẹ̀ bàtà 120. Ṣé kò ju àwọn Elf yòókù lọ? (Olùkàwé, Èkó)

Nínú ihò, ó jù wọ́n lọ. Nínú oòrùn gangan, dáìsì méjì ló ń jù fún gbogbo ìkọlù, èyí tó kéré ló sì ń mú, ì báà jẹ́ òun ló wà nínú oòrùn tàbí ẹni tó ń kọ lù. Ẹ kọ́kọ́ bi adarí bóyá abẹ́ ilẹ̀ ni eré yóò ti wáyé. Tó bá ní ìta ni, ẹ kó idán tó jẹ́ pé ọ̀tá fúnra rẹ̀ ló ń ju dáìsì láti yẹ̀ ẹ́. Oòrùn kò kan irú wọn.

Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Dwarf ni mo fẹ́ fi ṣe Wizard, ìyẹn onídán. (Olùkàwé, Òṣogbo)

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Làákàyè yín, tí idán Wizard gbára lé, kò ní ju 15 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, àfikún yín á jẹ́ 2 dípò 3. Ojú kan nínú ogún ojú dáìsì lẹ pàdánù. Ẹ wá wo ohun tẹ́ ẹ gbà: Mountain Dwarf, ẹ̀ka Dwarf kan, mọ ẹ̀wù ogun fúyẹ́fúyẹ́ àti àárín lò, Wizard kò sì mọ ìkankan lò. Chain shirt, owó wúrà 50, ń fún ẹni tí ìjáfáfá rẹ̀ jẹ́ 14 ní ààbò 15. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni idán Mage Armor ṣe ń fún un, àmọ́ idán náà ń jẹ ọ̀kan nínú ààyè idán méjì péré tí Wizard ìpele kìn-ín-ní ní. Scale mail, 50 náà, á gbé e dé 16, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn yọ́ rìn.

Ẹsẹ̀ ni àléébù rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 25 ló ń rìn nígbà tí Human ń rìn 30. Bí sísá bá dé, òun ni yóò gbẹ́yìn. Ẹ má dúró níwájú.

Láti ọdún 2020 ni òfin àṣàyàn kan ti wà tó gbà kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí àfikún ẹ̀yà rẹ̀ lọ sórí àbùdá mìíràn. Mountain Dwarf tó bá lò ó ń gba 2 sórí làákàyè, 2 sórí okun ara, ẹ̀wù ogun rẹ̀ sì wà síbẹ̀. Ní tiwa, àpọ̀jù nìyẹn, adarí tó bá kọ̀ ọ́ kò ṣe burúkú.

Half-Orc mi ń lo àáké ńlá. Ọ̀rẹ́ mi ní idà ńlá sàn jù. Ta ló jàre? (Olùkàwé, Lọ́ńdọ̀nù)

Ọ̀rẹ́ yín jàre. Àáké ń ju dáìsì olójú 12 kan, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 6.5. Idà ń ju olójú 6 méjì, 7 nìyẹn. Nígbà tí 20 bá jáde lórí dáìsì ìkọlù, dáìsì ohun ìjà á di ìlọ́po méjì, Half-Orc á sì fi ẹyọ kan kún un: àáké di 19.5, idà di 17.5. Ibẹ̀ lojú àwọn olólùfẹ́ àáké ti ń wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ju dáìsì nígbà 20, kí 9 sókè máa ba ọ̀tá. Ìkọlù 12 ló máa bà, ọ̀kan nínú wọn ni 20. Idà á fi ààbọ̀ borí nínú 11, ó di 5.5. Àáké á fi 2 borí lẹ́ẹ̀kan péré. Barbarian, irú jagunjagun kan, ni ọ̀rọ̀ yìí lè yí padà fún: láti ìpele 9, ó tún ń fi dáìsì kan kún 20 rẹ̀, tó bá sì ń jà láìbojúwẹ̀yìn, tó ń ju dáìsì méjì tó ń mú èyí tó pọ̀, àáké á wá borí díẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú agbára àìkú Half-Orc o. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ìsinmi gígùn méjì, ó ń jẹ́ kó ku ẹ̀mí 1 dípò 0. Kò ṣiṣẹ́ bí ìyà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn 0 bá tó gbogbo ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ kíkún jẹ́ 12, tó ku 3, tí wọ́n wá lù ní 15, ó kú pátápátá.

Ìwé náà wọ́n. Ṣé kò sí ti ọ̀fẹ́? Ṣé òótọ́ sì ni pé ti 2024 yọ Half-Elf kúrò? (Olùkàwé, Ìlọrin)

Ó wà. Àwọn tó ni eré náà tú àkójọ òfin tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1 sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Creative Commons ní January 2023, ẹ lè gbà á sórí fóònù láìsan kọ́bọ̀. Gbogbo ẹ̀yà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo ni fún èyí tó bá ní ẹ̀ka. High Elf wà, Drow kò sí. Hill Dwarf wà, Mountain Dwarf kò sí. Human àṣàyàn náà kò sí.

Òótọ́ ni ti 2024. Half-Elf àti Half-Orc kò sí nínú ìwé náà mọ́, Orc, Goliath àti Aasimar ló wọlé. Dwarf ti ń rìn ẹsẹ̀ bàtà 30, ó sì ń rí dé 120. Dragonborn, tí èémí rẹ̀ ń gba odindi ìṣe kan lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lè fi èémí náà rọ́pò ìkọlù kan báyìí, ìtura gidi nìyẹn fún jagunjagun tó ń kọlu ẹ̀ẹ̀mejì. Àfikún àbùdá kò sì ti ara ẹ̀yà wá mọ́, ìtàn ìgbésí ayé ẹni ló ń mú un wá. Bẹ́ ẹ bá mú Half-Elf ti 2014 wọnú eré 2024, ẹ pa àfikún tó wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀yà náà rẹ́, kẹ́ ẹ lo ti ìtàn ìgbésí ayé nìkan. Àwọn tó ń ka méjèèjì pọ̀ ló ń bá ara wọn pẹ̀lú 18 ní ìpele kìn-ín-ní.