Báwo ni ẹ̀sìn Híńdù ṣe dé Trínídáàdì, mélòó sì ni wọ́n níbẹ̀?

Oko ìrèké ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí oko ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1838, àwọn olóko ń wá òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ Fatel Razack kó àwọn ará Íńdíà àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1845, pẹ̀lú àdéhùn iṣẹ́. Nígbà tí ètò náà fi dópin ní 1917, àwọn tó dé ti lé ní 140,000, Híńdù ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló ni wọ́n lára jù. Títí di 1945 tí wọ́n ṣòfin rẹ̀, ìjọba ò ka ìgbéyàwó Híńdù sí, nítorí náà ọmọ àlè ni òfin ń pe ọmọ wọn, ogún bàbá sì ń di ẹjọ́.

Ti ilé ìjọsìn náà ò rọrùn. Sewdass Sadhu, ọ̀kan nínú àwọn Híńdù ibẹ̀, kọ́ tẹ́ńpìlì sórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Waterloo, ní Trínídáàdì. Wọ́n wó tẹ́ńpìlì náà, wọ́n sì ju Sadhu sẹ́wọ̀n ọjọ́ 14. Ló bá lọ kọ́ òmíràn sínú òkun (ta ló fẹ́ sọ pé òun ló ni òkun?).

Ìkànìyàn 2011 fi àwọn Híńdù sí bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará orílẹ̀-èdè Trínídáàdì àti Tòbágò. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo ìlú ni Divali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn Híńdù, níbẹ̀.