Ọmọ mi ń jáde SS3: kí ni kí n kọ́ ọ kó tó kúrò nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsọ̀ ni mo ní ní Ọjà Ìpàtà, níbí ní Ìlọrin. Àkọ́bí mi wà ní SS3, ó máa kọ WAEC àti JAMB lọ́dún yìí. Ọmọ náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣì ń fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, èmi náà ni mò ń jí i láàárọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀ kó gbájú mọ́ ìwé. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò ní mọ bó ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́ ọ?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀. Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí i pé kì í ṣe àìmọ̀wé ló sábà máa ń dá àwọn ọmọ SS3 wa dúró. Ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọn ò mọ̀. Àwa òbí la mọ ibi tí ìwé ọjọ́ ìbí wọn wà, àwa la ń náwó fún wọn, àwa la ń bá wọn ṣàlàyé fún dókítà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ nísinsìnyí, nígbà tó jẹ́ pé bó bá ṣubú, ojú yín ló máa ṣe, ẹ ó sì lè gbé e dìde.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan kó ìwé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi: Sulaiman ló wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí, NIN gbé Sulyman, ìwé tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC sì gbé Suleiman. Ọmọ kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́ta. Ó wọ́pọ̀ ní Ìlọrin tiwa, torí bí oníkálukú bá ṣe gbọ́ orúkọ Lárúbáwá létí ló ṣe ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2021, inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ẹni tí kò ní NIN kò lè forúkọ sílẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí NYSC bá to ìwé wọ̀nyẹn síra, lẹ́tà kan ṣoṣo lè mú kí ọmọ máa sáré kiri oṣù mẹ́ta.

Ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ Àìkú kan, kó tẹ́ gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ máa fi ìka tọ lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àṣìṣe bá wà nínú NIN, ẹ bá a lọ sí ọ́fíìsì NIMC, àwọn tó ń ṣe NIN, ṣùgbọ́n òun ni kó bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ti WAEC, kó tètè lọ bá olùkọ́ tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n tó pa á dé. Ìmeèlì rẹ̀ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni oníkáfè ṣí ìmeèlì fún, tí wọn ò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìgbaniwọlé bá wá dé, tí ọmọ gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ lórí CAPS, ojú òpó ìgbaniwọlé JAMB, pé òun gbà, oníkáfè ti kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà fóònù tó máa fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí JAMB, lórí 55019 tàbí 66019, kó jẹ́ tirẹ̀, kó má ṣe jẹ́ ti àbúrò bàbá kan.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ibẹ̀ ni ẹ̀yin sì ti jù mí lọ, ọlọ́jà ni yín. Ẹ kó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan fún un. Òun ni kó lọ sọ́jà, kó ná ata, kó ra epo, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, owó náà máa tán ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé mu gààrí títí di Sátidé, kí àwọn àbúrò rẹ̀ kùn sí i létí. Ọmọ tó ti rí gààrí yẹn á mọ ìdí tí kò fi yẹ kó ná owó oṣù kan lórí dátà àti ṣàwámà ní ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó bá ń dá gbé yàrá ní Tankẹ tàbí Òkè-Odò. Bó bá tiẹ̀ gba ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ NELFUND tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2024, owó ilé ẹ̀kọ́ á lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni, 20,000 náírà oṣooṣù ló máa wọ ọwọ́ rẹ̀, gbèsè sì ni. Ẹ kìlọ̀ fún un gidigidi nípa àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù, àti pé kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kan tó máa béèrè OTP tàbí PIN lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti bàbá rẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìwé, ṣùgbọ́n aṣọ fífọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kò lè gba máàkì WAEC lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jíjí tí ẹ ń jí i, ẹ dá a dúró nísinsìnyí tí ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń lọ geerege. Ó máa pẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, olùkọ́ á bá a wí. Lásìkò ìdánwò gan-an, ẹ jí i. Èmi náà á jí tèmi.

Ẹ jẹ́ kó ṣàyẹ̀wò jẹ́nótáìpù àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó sì mọ èsì rẹ̀ lórí.

Ẹ tún bi í pé: bí Unilorin kò bá gbà á lọ́dún yìí ńkọ́? Ọ̀nà kan ò wọjà. KWASU wà ní Màlété, Pólì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀fà, Kwara Poly wà nítòsí yín, ọdún méjì sì ni ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní pólì. Láàárín ìgbà tó bá parí WAEC sí ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga máa wọlé, ọ̀pọ̀ oṣù ló wà níbẹ̀. Kó fi kọ́ṣẹ́: fóònù títúnṣe, sólà, tàbí aṣọ òfì híhun tí Ìlọrin fi ń yangàn. Mo ti rí ọmọ tó ń fi maṣíìnì ìránṣọ sanwó yàrá rẹ̀ títí tó fi jáde.

Ó ku ohun kan. Ẹ bá a ṣàdéhùn pé bí nǹkan bá bàjẹ́, bí owó tán, bí ọlọ́pàá mú un, bó já nínú kọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ pè, ẹ ò sì ní pariwo títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Lálẹ́ òní, ẹ ní kó ka nọ́ńbà yín fún yín láìwo fóònù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo bi ní ọ́fíìsì mi ni kò lè kà á.